TA LÓ SỌ PÉ MÍMÍ KANLẸ̀ ÀTI NÍNA ỌWỌ́ TI DI ÌBỌ̀RÌṢÀ?

Ẹ fara balẹ̀ ka èyí dé ìsàlẹ̀ o. Ó gùn, a kò sì ní gé e kúrú, nítorí láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni fóònù wa kò ti sinmi. Àwọn kan pè láti Ayétòrò, àwọn kan pè láti Ìmẹ̀kọ, ọmọ ìjọ wa kan tó wà ní London tilẹ̀ pè wá láàárín òru. Ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń béèrè: "Dádì, ṣé òótọ́ ni pé ẹ ti gbé ẹ̀sìn àwọn ará Íńdíà wọ inú ilé Ọlọ́run?"

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta, ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, a máa ń ṣí gbọ̀ngàn kékeré tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìlaró sílẹ̀ fún àwọn tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti bá jà, èyí tí gbogbo wa ń pè ní stroke. Arábìnrin kan tó kọ́ṣẹ́ physio máa ń wá bá wa, kò gba kọ́bọ̀. Á ní kí wọ́n jókòó, kí wọ́n mí sínú kanlẹ̀, kí wọ́n mí síta pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí wọ́n fi ọwọ́ tó yá gbé ọwọ́ tó rọ sókè. Gbogbo rẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú ogójì lọ. Ẹnì kan wá ya fídíò rẹ̀, ó fi sórí WhatsApp. Ìránṣẹ́ Ọlọ́run kan tí a kò ní dárúkọ gbé fídíò náà, ó sì sọ̀rọ̀ lé e lórí. Ó ní yoga nìyẹn. Ó ní tai chi ni. Ó ní pásítọ̀ tó bá gba irú ẹ̀ láyè ti ta ìjọ rẹ̀ fún òrìṣà àjèjì.

Nínú fídíò yẹn, ìyá kan wà tó di ojú, tó ń mí. Wọ́n fi àmì pupa yí orí rẹ̀ ká. Wọ́n ní kí ẹ wò ó bí ẹ̀mí àjèjì ṣe ń wọ inú rẹ̀.

A mọ ìyá náà. Ìrẹsì ló ń tà kí àìsàn tó dé. Ó di Ọjọ́bọ̀ méjì báyìí tí kò wá mọ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ rí fídíò náà, ojú tì wọ́n, wọ́n ní kó jókòó sílé. Torí ẹ̀ la ṣe ń kọ èyí. Bó bá jẹ́ àwa nìkan ni wọ́n bú ni, à bá dákẹ́, èébú pásítọ̀ kì í ṣe nǹkan tuntun.

Ẹni tó sọ̀rọ̀ yẹn, àbúrò wa ni nínú iṣẹ́ Olúwa. A kò bínú sí i. Rárá, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: a bínú. Ṣùgbọ́n kí a tó dá a lóhùn, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ jẹ́wọ́ tiwa, nítorí ohun tí ó ń sọ lónìí, àwa náà ti sọ ọ́ rí, a sì ti fi ba ayé ẹnì kan jẹ́.

Ní ọdún 2009, arákùnrin kan wà nínú ìjọ wa, awakọ̀ ni, ó ń ná Ìlaró sí Ọwọdé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó fẹ́ wọ bàtà, ẹsẹ̀ ọ̀tún kò dá a lóhùn. Ẹnu rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọ̀rọ̀ ń lọ́ lẹ́nu rẹ̀ bí ti ẹni tó mutí yó. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Nígbà tó ṣe díẹ̀, wọ́n ní kó máa lọ sílé, ṣùgbọ́n kó máa wá ṣe physio lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ wá bá wa, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Dádì, kí lẹ rí sí i?"

Kí la rí? A rí i pé owó ọkọ̀ ń ni wọ́n lára. Ó tún wù wá pé kí ìwòsàn yẹn ti ọwọ́ wa wá, kí a lè dúró lórí pẹpẹ jẹ́rìí. Ẹ̀ṣẹ̀ wa nìyẹn, a ti tọrọ ìdáríjì. A ní kí wọ́n gbé e wá sí yàrá àdúrà. Ọjọ́ mọ́kànlélógún. A gbààwẹ̀, a fi òróró pa apá náà. Nígbà tí àbúrò rẹ̀ ń na ìka rẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní ilé ìwòsàn, a ní kó fi í sílẹ̀, pé Ọlọ́run kò nílò olùrànlọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu wa gan-an nìyẹn. Ọjọ́ mọ́kànlélógún di oṣù, oṣù di ọdún, kò padà sí ọ̀dọ̀ àwọn physio mọ́.

Ẹni tó bá ń wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa mọ̀ ọ́n. Ó wà láàyè, ọ̀pá ló fi ń rìn. Ọwọ́ ọ̀tún ti ká mọ́ àyà, ìka ti dì. Ìyàwó rẹ̀ máa ń ká aṣọ sáàárín ìka àti àtẹ́lẹwọ́ kí èékánná má bàa gún ara. Ọwọ́ òsì ló fi ń bọ̀ wá lọ́wọ́ lọ́jọ́ Ìsinmi. Kò bú wa rí, kò tiẹ̀ ráhùn rí. Ìyẹn gan-an ló ń dun wá jù.

A kò mọ̀ nígbà náà. Ṣùgbọ́n a ti béèrè, a ti kọ́, a sì fẹ́ kí ẹ̀yin náà mọ̀.

Stroke kì í ṣe àrùn apá, kì í ṣe àrùn ẹsẹ̀. Inú ọpọlọ ló ti ṣẹlẹ̀. Yálà ẹ̀jẹ̀ dì, ó dí iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ, tàbí iṣan náà bẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ tú síbẹ̀. Apá ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò dé mọ́ á kú. Tó bá jẹ́ ibẹ̀ ló ń pàṣẹ fún ọwọ́, ọwọ́ á rọ. Ọwọ́ wà níbẹ̀ o, egungun ò ṣẹ́, ẹran ò jẹrà, àṣẹ ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àwa ará Yewa mọ ọ̀rọ̀ iná mọ̀nàmọ́ná: tí wáyà bá já lójú ọ̀nà, gílóòbù inú ilé kò bàjẹ́, ṣùgbọ́n kò lè tàn. Ibi tí Ọlọ́run ti ṣe iṣẹ́ ìyanu ni pé ọpọlọ lè wá ọ̀nà mìíràn. Apá tó kù lè kọ́ iṣẹ́ apá tó kú, tí a bá ń fi iṣẹ́ náà lọ̀ ọ́ léraléra, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, lọ́gọ́rùn-ún ìgbà, bí ọmọ tó ń kọ́ ìrìn. Oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà àkọ́kọ́ ni ẹ̀kọ́ yẹn máa ń yá jù. Lẹ́yìn ìgbà náà ó ṣì ṣeé ṣe, àmọ́ ó máa ń falẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọwọ́ tí a kò bá nà, iṣan rẹ̀ á máa kúrú, oríkèé á máa gan, títí yóò fi ká bí a ṣe rí i lára arákùnrin wa. Àkókò tó ṣeyebíye jù yẹn ni àwa gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká wá sí ọ̀rọ̀ ìbọ̀rìṣà tí wọ́n ń sọ.

Ẹsẹ Bíbélì tí wọ́n kọ́kọ́ ń jù lù wá ni ti Pọ́ọ̀lù sí Tímótì, níbi tó ti sọ pé èrè díẹ̀ ló wà nínú eré ìdárayá. Ẹ dákun, ta ló kọ́ wa pé "díẹ̀" túmọ̀ sí "òfo"? Pọ́ọ̀lù fi í wé ìwà-bí-Ọlọ́run tó wà fún ayé yìí àti ayé tó ń bọ̀. Ta ni kò mọ̀ pé ìyẹn tóbi jù? Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè gbé ife omi sẹ́nu ara rẹ̀, tí ìyàwó ọmọ rẹ̀ ń nu itọ́ lẹ́nu rẹ̀, díẹ̀ yẹn kì í ṣe díẹ̀ lójú rẹ̀. Pọ́ọ̀lù kan náà ló ní kí Tímótì lo wáìnì díẹ̀ nítorí inú rírun. Kò ní kó gbààwẹ̀ fún inú.

Ẹ wo Náámánì. Ọlọ́run lè wò ó sàn lórí kẹ̀kẹ́ ẹṣin níwájú ilé Èlíṣà. Ó ní kó lọ wẹ̀ nínú Jọ́dánì, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan, ìgbà méje. Ó bínú, ó ní ṣé nǹkan yẹpẹrẹ báyìí náà ni. Àwọn ìránṣẹ́ ló pàrọwà fún un. Ìgbà tó wẹ ẹ̀ẹ̀kẹta, ṣé ara rẹ̀ ti mọ́? Bíbélì kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ń wẹ̀ ṣáá ni. Ẹni tó bá ń gbé apá lẹ́ẹ̀mẹ́wàá ní Ọjọ́bọ̀, tí apá kò tíì dáhùn, arákùnrin Náámánì ni.

Hesekáyà ńkọ́? Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà rẹ̀, ó ti fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kún un, síbẹ̀ Aísáyà tún ní kí wọ́n fi èso ọ̀pọ̀tọ́ lé ojú oówo. Ọkùnrin tí ọwọ́ rẹ̀ rọ nínú Máàkù orí kẹta, Jésù kò fà á lọ́wọ́. Ó ní kó nà án. Ọkùnrin náà ló na ọwọ́ tí kò ṣeé nà, ibi tó ti ń nà án ni ìwòsàn ti bá a. Ní Ẹnu-ọ̀nà Dáradára, Pétérù pe orúkọ Jésù, kò sì fi ọwọ́ sẹ́yìn: ó di ọkùnrin náà mú lọ́wọ́ ọ̀tún, ó gbé e dìde, lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ le. Afọ́jú Bẹtisáídà sì wà níbẹ̀ tí Olúwa fọwọ́ kàn lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn ti àkọ́kọ́, ènìyàn ń rí bí igi lójú rẹ̀. Ṣé ẹ máa sọ fún Olúwa pé kí ló dé tí kò parí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà?

Wọ́n tún ní pé mímí kanlẹ̀ ni ẹnu ọ̀nà ẹ̀mí òkùnkùn. Haa! Ta ló kọ́kọ́ mí sí imú ènìyàn nínú Jẹ́nẹ́sísì? Ẹni tí stroke bá jà, ẹ̀rù ń bà á tọ̀sán-tòru. Ẹ̀rù pé yóò ṣubú, ẹ̀rù pé òmíràn ń bọ̀. Èémí rẹ̀ á máa yára, èjìká á le, ara tó le yẹn kò ní jẹ́ kí apá nà. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́ta tí stroke bá ṣe ni ìbànújẹ́ ọkàn tó lágbára máa ń bá. Ẹ máa rí àgbà ọkùnrin tó bú sẹ́kún nítorí pé bọ́tìnì kò wọ ihò. Kí ẹ ní kó jókòó jẹ́ẹ́, kó mí sínú láti imú, kó mí síta díẹ̀díẹ̀, kó sì máa fi ọkàn rántí orúkọ Olúwa, kí ló burú níbẹ̀? Áísáákì náà jáde lọ sínú pápá nírọ̀lẹ́ láti ṣe àṣàrò. Kò sí ẹni tó pè é ní babaláwo.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ nípa yoga àti tai chi náà, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé a sá fún un. Ilẹ̀ Íńdíà ni yoga ti wá, ìsìn ibẹ̀ wà lára rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ní kí ẹ pe orúkọ òrìṣà, kí ẹ forí balẹ̀ fún ère, tàbí kí ẹ sọ ọkàn yín di òfìfo, ẹ sá níbẹ̀, àwa náà yóò bá yín sá. Tai chi ní tirẹ̀, Ṣáínà ló ti wá. Ọ̀nà ìjà ni, tí wọ́n ń ṣe pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: ẹ dúró, ẹ yí ìwúwo ara láti ẹsẹ̀ kan sí èkejì, ọwọ́ ń lọ, ọwọ́ ń bọ̀, èémí ń tẹ̀ lé e. Àwọn kan máa ń da ọgbọ́n ìsìn ibẹ̀ mọ́ ọn, àwa ò mú ìyẹn wọlé. Arábìnrin physio wa kò fi pamọ́ fún wa pé bí òun ṣe ní kí wọ́n máa yí ìwúwo ara jọ ti tai chi. A dúpẹ́ pé ó sọ òótọ́. Ẹ̀yin tó ní gbogbo ohun tó bá ti Ṣáínà wá ti di ti Èṣù, fóònù tí ẹ fi ya fídíò yẹn ńkọ́? Ẹ yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò.

Ní ọdún 2014, obìnrin olùwádìí kan ní Yunifásítì Arizona ní Amẹ́ríkà, Ruth Taylor-Piliae, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ iṣẹ́ kan jáde. Àwọn ènìyàn 145 tó ti ní stroke ni wọ́n pín sí ọ̀nà mẹ́ta fún ọ̀sẹ̀ 12. Apá kan ń ṣe tai chi, apá kan ń ṣe eré ìdárayá mìíràn, apá kẹta ń gba ìtọ́jú tí wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjìlá yẹn, àwọn tó ń ṣe tai chi ṣubú ní ìgbà 5 péré. Ti àwọn yòókù jẹ́ 14 àti 15. Ìwádìí náà kò sọ pé tai chi ń wo stroke sàn, àwa náà kò sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gbé bàbá rẹ̀ dìde nílẹ̀ balùwẹ̀ rí, tó gbọ́ bí egungun ìtàn ṣe ṣẹ́, mọ iye tí ìgbà 5 àti ìgbà 15 fi jìnnà síra.

Ohun tí a ń ṣe gan-an ní Ọjọ́bọ̀ nìyí, kí ẹ lè fi ojú ara yín wò ó. A máa ka Sáàmù kan, a máa kọrin, a máa gbàdúrà. Lẹ́yìn náà, nọ́ọ̀sì kan nínú ìjọ máa wọn BP gbogbo ènìyàn. Ẹni tí tirẹ̀ bá lọ sókè jù kò ní ṣe nǹkan kan lọ́jọ́ náà ju kó jókòó lọ, a ó sì ní kó lọ rí dókítà. Àga tí kò ní táyà la ń lò, a sì ń fi ẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri. Wọ́n á mí lẹ́ẹ̀márùn-ún. A kì í jẹ́ kí wọ́n sé èémí, nítorí ẹni tó bá sé èémí tó wá ń fi agbára gbé nǹkan, BP rẹ̀ lè ròkè lójijì. Wọ́n á wá pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀, ìka wọ inú ìka, ọwọ́ tó yá á gbé èyí tó rọ dé ibi tí kò ti ní dùn ún, wọ́n á gbé e sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n á tẹ ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀, wọ́n á fara ti ọ̀tún, wọ́n á fara ti òsì. Ẹni tó bá lágbára á dìde dúró, á di ẹ̀yìn àga mú, ẹnì kan á sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí wọ́n bá wí jù nínú fídíò náà: dídi ojú. Arábìnrin yẹn máa ń ní kí wọ́n di ojú, kí wọ́n rí ọwọ́ ara wọn lọ́kàn bó ṣe ń ṣe iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe, kí wọ́n tó gbìyànjú rẹ̀. Ọpọlọ máa ń jí díẹ̀ sí iṣẹ́ tí a bá fi ọkàn ṣe, àwọn olùwádìí sì ti rí i pé ó ń ran ọwọ́ lọ́wọ́ tí a bá ṣe é pọ̀ mọ́ physio. Ìyá tí wọ́n fi àmì pupa yí lórí ká, tí wọ́n ní ẹ̀mí àjèjì ń wọ̀, ṣé ẹ mọ ohun tó ń rí nínú ọkàn rẹ̀? Ó sọ ọ́ fún ìyàwó wa. Ó ní òun ń rí ara òun níbi tí òun ti ń wọn ìrẹsì sínú kóńgò.

Ọ̀sẹ̀ kẹjọ ló ró ìró fúnra rẹ̀. Kò so ó dáadáa, ó wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ṣùgbọ́n òun ló ró o. Gbogbo àwọn ìyá tó wà níbẹ̀ pariwo, wọ́n jó. Ẹ̀yin ọkùnrin lè má mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ fún obìnrin tí ọmọkùnrin rẹ̀ ti ń bá so ìró fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Àwọn kan ní ẹ̀kọ́ àwọn bàbá wa nínú ìgbàgbọ́ nìyí, pé àwa ń sọ ọ́ nù. A kò gbàgbé ibi tí a ti wá. Nígbà ìsọjí Wòlíì Babalọlá ní Ìléṣà ní 1930, omi àti àdúrà ni, àwọn arọ sì rìn. Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì Apostolic Church láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá dara pọ̀ mọ́ wọn, tí wọ́n rí i pé àwọn òyìnbó náà ń lo kunini, ó di ìjà, ó sì wà lára ohun tó pín wọn níyà kí CAC tó forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin ní 1943. A bọ̀wọ̀ fún àwọn bàbá wọ̀nyẹn. Wọ́n fi ẹ̀mí ara wọn lé e. Ṣùgbọ́n lónìí, nínú àwọn ìjọ kan náà, ọmọ wọn ni dókítà, ọmọ wọn ni nọ́ọ̀sì, ó sì ṣọ̀wọ́n kí ẹ rí pásítọ̀ tí ibà mú tí kò wá oògùn. Tó bá wá kan tálákà tí stroke mú, a ó wá rántí ìgbàgbọ́ àwọn bàbá? Ìgbàgbọ́ tí a ń fi ara ẹlòmíràn dán wò ni ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ọfà náà kò ṣeé fò. Kò sí ilé kan ní ẹkùn wa tí stroke wọ̀ tí wọn ò ní sọ pé ọ̀tá ló ta á. Wọ́n á wá ìyàwó àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n bàbá tí wọn yóò dá lẹ́bi. A gbà pé ọ̀tá wà. Ṣùgbọ́n àwọn dókítà wa ní UCH Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Osuntokun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ti ń ka iye àwọn tí stroke ń bá nínú ìlú Ìbàdàn láti 1973 sí 1975. Ní 2018, Ọ̀jọ̀gbọ́n Mayowa Owolabi àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ tẹ ìwádìí SIREN jáde. Wọ́n wo àwọn aláìsàn tó lé ní 2,000 ní Nàìjíríà àti Gánà, wọ́n fi wọ́n wé àwọn tí stroke kò bá. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló léwájú. Ìtọ̀ súgà wà níbẹ̀, iyọ̀ tí a ń bù sórí oúnjẹ wà níbẹ̀, àìmáa rìn wà níbẹ̀, àti àìmáa jẹ ẹ̀fọ́ tútù. Ẹ̀fọ́! Àwa tí ẹ̀fọ́ ń hù lẹ́yìn ilé wa. Ẹni tí BP rẹ̀ ti wà lókè láti ọdún mẹ́wàá, tí kò mọ̀, tàbí tó mọ̀ tó da oògùn nù nítorí pé wọ́n sọ àsọtẹ́lẹ̀ fún un, kò dìgbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ bá ta á lọ́fà.

Ibi tí a ti máa bá ẹ̀yin tó fara mọ́ wa náà jà nìyí. Ìwọ̀nba la ń ṣe ní Ọjọ́bọ̀. Ẹ má tìtorí ẹ̀ da oògùn BP nù. Ẹ má fa aláìsàn dìde ní apá tó rọ, èjìká náà ti tú, ẹ ó yọ ọ́ ni. Ẹ gbé e láti ara. Ẹ má fi omi gbígbóná jó o, torí ara náà lè má mọ ooru mọ́, ẹ ó bó o kí ẹ tó mọ̀. Àwọn tó ń sín gbẹ́rẹ́, tí wọ́n ń ta oògùn stroke nínú ìgò ní gáréèjì, ẹ jìnnà sí wọn, ìbáà jẹ́ ti ìhín tàbí ti òdìkejì bodè. Àwọn ará Bìnì wa ní Pobẹ̀ àti Kétu náà ní àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ physio, kiné ni wọ́n ń pè wọ́n. Ẹni tó bá sún mọ́ ọ̀hún, kó béèrè kiné, kó má béèrè ẹni tó ń pe ẹ̀mí. Ẹni tó bá sì lè dé Federal Medical Centre ní Ìdí-Aba, l'Abẹ́òkúta, kó lọ, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sọ eré tó bá ara rẹ̀ mu fún un kó tó wá bá wa.

Ọjọ́ tó bá ṣẹlẹ̀ gan-an, ẹ má gbé e wá sọ́dọ̀ wa. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa, pásítọ̀ ló ń sọ ọ́. Tí ẹnu bá wọ́, tí apá kan bá já bọ́ nígbà tí ẹ ní kó gbé méjèèjì sókè, tí ọ̀rọ̀ bá ń lọ́ lẹ́nu, ilé ìwòsàn ni kí ẹ sáré gbà. Oògùn kan wà tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì, ṣùgbọ́n láàárín wákàtí mẹ́rin àbọ̀ ni wọ́n lè fún un, kì í sì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ló ní in. Ẹ má bu omi sí i lẹ́nu, ẹ má rọ àgbo fún un, ó lè gba ọ̀fun òdì. Ẹ pè wá lójú ọ̀nà, a ó bá yín gbàdúrà lórí fóònù, a ó sì wá bá yín níbẹ̀.

Sí àbúrò wa tó sọ̀rọ̀ lórí fídíò: ẹ ní nọ́ńbà wa. Ẹ kò pè wá kí ẹ tó sọ̀rọ̀. A kò ní kí ẹ yí èrò yín padà nípa yoga. Ohun tí a ń bẹ̀ yín ni kí ẹ yọ ojú ìyá yẹn kúrò nínú fídíò náà. Ìyá àgbà ni, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń lo fóònù.

Sí àwọn ọmọ ìyá náà, tí a mọ̀ pé ẹ ń ka èyí: a ó wá sílé yín lọ́jọ́ Ọjọ́rú, lẹ́yìn ìkẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì, àwa àti ìyàwó wa, àti arákùnrin awakọ̀ tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè. Òun fúnra rẹ̀ ló ní òun máa tẹ̀ lé wa. Ó ní òun fẹ́ kí Màmá rí ọwọ́ òun.

Ọjọ́bọ̀, agogo mẹ́rin, gbọ̀ngàn ẹ̀yìn. Ẹ mú omi mímu wá, ẹ wọ bàtà tí kò yọ̀, ẹ mú káàdì ilé ìwòsàn àti oògùn yín dání kí nọ́ọ̀sì lè wò ó. Kò sí owó, kò sí ẹ̀jẹ́ sísan, ìjọ yòówù tí ẹ bá ń lọ. Àwọn tó wá lọ́sẹ̀ tó kọjá jẹ́ mọ́kànlá, àwọn tó lè dúró lẹ́yìn wọn kò ju mẹ́rin lọ, ẹni mẹ́ta kò lè dìde nítorí pé kò sí ẹni tó máa dì wọ́n mú. Ẹ̀yin ọ̀dọ́kùnrin tó ń bá wa jà lórí WhatsApp láti ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ ní agbára. Ẹ wá bá wa di ènìyàn mú.